Poro Tó Kẹ́yìn, Ti Ẹyẹ Ni

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe ní Niamey, ẹyẹ ni mo lé.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé àgbàlá Hajia, onílé mi, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Dar es Salam níbẹ̀. Wọ́n fi yàrá hàn mí, mo ju ẹrù sílẹ̀, oorun gbé mi lọ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí mo fi gbọ́ ariwo kan níta, ariwo tí etí mi mọ̀ láti kékeré. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ẹnìkan ti da ọkà jéró sílẹ̀ láàárín àgbàlá, ọkà tó mọ́ tónítóní, ẹyẹ sì ti bò ó. Àdàbà wà níbẹ̀, ológoṣẹ́ wà níbẹ̀, àwọn pupa kéékèèké kan tí n kò rí rí wà níbẹ̀, ẹ̀gà náà sì wà níbẹ̀, àwọn ẹ̀gà tí wọn ò jẹ́ kí n gbádùn ìgbà èwe mi.

Mo ní, "Yéè! Wọ́n ti jẹ ọkà onílé tán!"

N kò ráyè wọ bàtà. Mo bọ́ síta, mo ń pàtẹ́wọ́, mo ń ké "Hóò! Hóò!" bí a ti ń ké e lóko, mo ń ju òkúta. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, kò ku ẹyọ ẹyẹ kan. Mo gbá ọkà náà jọ sínú igbá, mo fẹ́ eruku ara rẹ̀ dànù, mo gbé e lọ bá Hajia lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ń retí àdúrà.

Hajia wo igbá, ó wò mí. Ó wo orí igi dóńgóyárò tí àwọn ẹyẹ sá lọ. Lẹ́yìn náà ó gba igbá lọ́wọ́ mi, ó rọra rìn lọ sí àárín àgbàlá, ó sì da gbogbo ọkà náà padà sílẹ̀.

Hausa díẹ̀díẹ̀ tí mo gbọ́ ní ọjà Ṣakí ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nígbà náà, torí n kò gbọ́ Zarma rárá. Ó ní, "Bayarabiya," bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn, "Bayarabiya, ta ló ní kí o lé àlejò mi?"

Ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ náà ni, ǹ bá kó sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹyẹ jẹ́ nílé wa kí ẹ tó dá mi lẹ́bi. Àgbẹ̀ ọkà bàbà ni bàbá mi, lẹ́bàá Ṣakí. Tí ọkà bá ti ń yọ ọmọ, àwa ọmọ ò nílé mọ́. Orí pẹpẹ là ń wà láàárín oko láti ìdájí, kànnàkànnà lọ́wọ́, ohùn wa á ti há. Àwọn ẹgbẹ́ wa ń ta ayò lábẹ́ igi, àwa ń bá ẹ̀gà jà. Bàbá mi lè dárí ji olè, kò lè dárí ji ẹ̀gà. Tí inú bá bí i sí èèyàn, tí ó fẹ́ bú u débi tó máa dùn ún, "Ìwọ ẹ̀gà yìí" ni yóò sọ, kò sì ní fi nǹkan kan kún un. Ẹ wá wò ó, kí irú mi wá rí ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ọkà fún wọn, tó tún ń pè wọ́n ní àlejò. Mo ní irú ìlú wo ni mo wá yìí?

Mo pe Bàbá lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ó ní, "Wọ́n ń ṣe kí ni?"

"Wọ́n ń da ọkà fún wọn, Bàbá. Fún ẹ̀gà."

"Ẹ̀gà? Ẹ̀gà tí mo mọ̀?"

"Ẹ̀gà tí ẹ mọ̀."

Ó pòṣé. Ó wá ní, "Ṣé orí wọn pé? Di ẹrù ẹ. Máa bọ̀ nílé."

Bí ó ṣe máa ń parí gbogbo ọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo pè é pé ooru mú, di ẹrù ẹ. Mo pè é pé mo ti rí omi pọn, di ẹrù ẹ. Kò fẹ́ kí n lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ṣé kò sí omi ní Ìsẹ́yìn tí mo ti kọ́ iṣẹ́ aró ni, tí mo fi fẹ́ lọ rẹ aró nínú iyanrìn. Ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó lè dé oko mọ́ lọ́dún tí mo kúrò nílé. Àbúrò mi sọ pé iwájú ilé ni Bàbá máa ń jókòó sí láti òwúrọ̀, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, pé rédíò rẹ̀ pàápàá ti kú, kò sì jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ tún ṣe. Bí ó ṣe ń lé mi wálé lórí fóònù yẹn ni gbogbo ìjà tó ṣẹ́kù fún un.

Ìyá Mùjídà ló mú mi wá sí Niamey. Ọmọ Ìlọrin ni, ó ti pẹ́ níbẹ̀, ó ń ta aṣọ nítòsí ọjà Petit Marché. Ó máa ń wá ra àdìrẹ lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi tó jẹ́ aláró ní Ìsẹ́yìn, ibẹ̀ ló ti rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ó ní àwọn obìnrin Niamey fẹ́ràn báásìn, aṣọ tó ń dán tí àwa ń pè ní gìní, pé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń kó èyí tí a rẹ sí aró wá, pé kí n wá máa rẹ ẹ́ lójú wọn. Ilé tí a ó ti ṣe é ló wá di wàhálà. Onílé tó bá ti gbọ́ "aró" á rí i pé yàrá òun ti kún. Wọ́n ní ó ń rùn, wọ́n ní omi rẹ̀ á ba ojúlé jẹ́. Hajia nìkan ló ní kí n máa bọ̀, pé àgbàlá òun fẹ̀, ẹ̀rọ omi sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa béèrè pé kí ló dé tí n kò kó lọ ibòmíràn, kò sí ibòmíràn.

Ooru kọ́ ló kọ́kọ́ ni mí lára níbẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Nílé wa, bí a bá ń kí ara wa, ará òkè odò á gbọ́. Ní àgbàlá Hajia, jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Wọ́n á jí, "Mate ni kani?" ṣé o sùn dáadáa, wọ́n á béèrè ilé, wọ́n á béèrè ara, ohùn kò ní ga ju ti ẹni tó ń gbàdúrà. Tí mo bá ń bá Bàbá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àwọn aládùúgbò á yọjú láti wò ó bóyá mo ń jà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ohùn mi sílẹ̀. Nígbà tó yá, n kò rí ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ mọ́ rárá, àfi aṣọ. Mo máa ń bá aṣọ sọ̀rọ̀ bí mo bá ń rì í bọ inú aró. Mo máa ń sọ fún un pé, "Gbà á dáadáa o, má dójú tì mí," kí n ṣáà lè gbọ́ Yorùbá.

Ohun kan wà tó tún máa ń dùn mí, ọmọdé ló sì yẹ kí irú rẹ̀ máa dùn. Bí Hajia bá jáde sí àgbàlá láàárọ̀, àwọn ẹyẹ kì í mira. Á máa rìn láàárín wọn bí ẹni ń rìn láàárín àwọn ọmọ ilé rẹ̀. Bí èmi bá fi ẹsẹ̀ kan jáde, fùú, gbogbo wọn ti fò lọ. Wọn ò gbàgbé òkúta àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ní, ṣé ẹ rí i, ẹyẹ pàápàá mọ̀ pé n kì í ṣe ará ibí.

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ déédéé ni wàhálà dé. Láti ara dóńgóyárò dé ara ògiri ni mo ta okùn tí mo ń sá aṣọ sí, àárín àgbàlá gan-an, níbi tí oòrùn ti pọ̀. Abẹ́ okùn yẹn náà ni Hajia ti ń da ọkà. Mo rẹ báásìn kan sí àwọ̀ sánmà, mo fi ẹ̀kọ sí i kó lè le, ó wá rẹwà débi pé mo dúró mo ń wò ó. Mo wọlé lọ mu omi. Kí n tó jáde, ẹyẹ ti ya ìgbẹ́ sí i láti òkè délẹ̀. Kò sì jẹ́ bí ti aṣọ lásán téèyàn á fọ̀. Ibi tí ìgbẹ́ ẹyẹ bá bà lára aró tútù, aró á ṣí níbẹ̀, á fi ojú funfun sílẹ̀ tí kò ní lọ mọ́.

Ìyá Mùjídà tẹ́ aṣọ náà sórí káńtà rẹ̀, ó gbé ìka lé ojú funfun kan, ó gbé e lé òmíràn.

"Kí leléyìí?"

"Ẹyẹ ni, mà."

"Ẹyẹ ṣe kí ni? Ṣé ẹyẹ náà ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Hajia ló ń fún wọn lóúnjẹ."

"Mo mọ Hajia kí ìwọ tó mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó máa gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Gbọ́, aṣọ ìyàwó kan ń bọ̀. Àwọ̀ wúrà ni wọ́n fẹ́, gbogbo báásìn tí ìyá ìyàwó máa dì sínú àpótí ọmọ ẹ̀ ni. Tí ó bá dára, gbogbo Niamey á mọ̀ ẹ́. Tí mo bá rí ìgbẹ́ ẹyẹ lára ẹ̀, bí ó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, n kò ní gbé aṣọ lé ẹ lọ́wọ́ mọ́ láéláé. Wàá padà sí Ìsẹ́yìn, èmi náà á sì sọ fún àbúrò ìyá ẹ pé mo gbìyànjú."

Wọ́n á padà gbé mi dé iwájú Bàbá, Bàbá á ní, "Mo sọ fún ẹ." Ẹ̀yin ò mọ bàbá mi. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan á tó o jẹ fún ọdún mẹ́wàá.

Mo lọ bá Hajia. Mo kó gbogbo Hausa tí mo ní jọ, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́, kó dá ọkà náà dúró títí aṣọ ìyàwó yóò fi jáde. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún mi pé kí n jókòó. Ó ní, "Kala suuru," ìyẹn ni pé kí n ṣáà ṣe sùúrù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ fún ẹni tí ilé ń jó lórí ẹ̀. Inú bí mi díẹ̀. Ó wá ní òun fẹ́ sọ nǹkan kan fún mi.

Ó ní òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Orogún òun ni, Ràmátù. Ó ní òun àti Ràmátù jà láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn, wọ́n jà lórí odó, wọ́n jà lórí omi, wọ́n sì jà jù lórí ẹyẹ, torí Ràmátù ló máa ń da ọkà fún wọn, ẹyẹ á sì máa ya ìgbẹ́ sí ìborùn òun tí òun sá. Ó ní, "Mo lé wọn ju bí ìwọ ṣe lé wọn lọ. Ìgbálẹ̀ ni mo fi ń lé wọn." Nígbà tí Ràmátù kú, inú òun dùn pé àgbàlá á mọ́ wàyí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ẹyẹ bà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bà. Wọ́n dúró. Wọn ò rí ọkà, wọn ò sì lọ. Gbogbo wọn kọjú sí ilẹ̀kùn Ràmátù.

Hajia ní, "Mo jókòó síbi tí mo jókòó sí yìí. Mo ń wò wọ́n, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn. Ẹkún tí n kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú, ọjọ́ yẹn ni mo sun ún. Mo dìde, mo bu ọkà, mo ní, 'Ràmátù, sàárà tìẹ nìyí.' Láti ìgbà náà ni mo ti ń dà á. Ṣé o fẹ́ kí n sọ fún wọn pé ó tún kú lẹ́ẹ̀kejì?"

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ sí i? Mo ní, "Rárá, Hajia." Mo dìde, mo lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, mo sunkún. N kò mọ èyí tí mo ń sunkún sí nínú aṣọ mi àti Ràmátù.

Láti ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n. N kò wò wọ́n bí ẹni tó ń ṣe fàájì. Mo ń wò wọ́n bí a ti ń wò wọ́n lórí pẹpẹ, nígbà tí a fẹ́ mọ ibi tí wọ́n máa gbà wọlé. Ẹnu sì yà mí, torí gbogbo rẹ̀ ló ṣì wà lórí mi. Ẹyẹ kì í déédéé bà sídìí oúnjẹ. Á kọ́kọ́ bà sórí nǹkan tó ga, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á wo ológbò, kó tó sọ̀ kalẹ̀. Orí nǹkan tó bá bà sí yẹn ló sì máa ń ya ìgbẹ́ sí. Ohun tó ga jù lẹ́bàá ọkà Hajia, kí ni? Okùn mi! Èmi ni mo ta àga fún wọn sókè orí oúnjẹ, tí mo tún wá fi aṣọ ìyàwó bo àga. Mo lu orí ara mi.

Mo tún rí i pé ìdájí ni wọ́n ń jẹun, àti ìgbà tí oòrùn bá ti rọ̀. Lọ́sàn-án, nígbà tí ooru bá mú, omi nìkan ni wọ́n ń wá. Àsìkò tí ọ̀nà ọ̀fun wọn ń gbẹ náà ni aṣọ mi ń gbẹ. Bí n kò bá lè lé wọn, ṣé n kò lè pè wọ́n lọ síbòmíràn ni?

Ibi tí mo ti ń rò ó ni poro kan ti sọ sí mi lọ́kàn. Poro ọkà tó kẹ́yìn ní oko Bàbá, létí igbó, níbi tí igi gbígbẹ kan wà. Bàbá kì í jẹ́ kí a lé ẹyẹ dé ibẹ̀. Kì í sì í kórè rẹ̀. Láti kékeré mi ni mo ti rò pé ọ̀lẹ ló ṣe é.

Mo pè é. "Bàbá, poro tó kẹ́yìn yẹn, létí igbó. Kí lẹ fi ń ṣe?"

"Poro wo?"

"Èyí tí ẹ kì í jẹ́ kí a dé."

"Ọkà ibẹ̀ kò dára ni."

"Bàbá, ọkà ibẹ̀ ló ga jù nínú oko."

Ó wú ikọ́. Ó tún wú u. "Ìwọ ẹ̀gà yìí, kí lo fẹ́ gbọ́? Bí n kò bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, ṣé ẹ̀yin tí ẹ máa ń sùn lórí pẹpẹ lẹ fẹ́ lé gbogbo wọn?"

Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí Hajia yọjú. "Háà! Bàbá! Ẹ̀yin náà ń fún ẹ̀gà lọ́kà! Láti ọjọ́ yìí! Tí ohùn wa fi há!"

"Ta ló fún ta lọ́kà? Mo ní mo fi í sílẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ká fi nǹkan sílẹ̀." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oko ti wọ̀ ọ́ lára, kò lè dákẹ́ mọ́. "Tí o bá fẹ́ mú wọn kúrò lójú kan, igi gbígbẹ ni kí o wá, kó má ní ewé, kí wọ́n lè rí ológbò. Má gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò ní tẹ̀ lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa sún un. Kí o sì gbé omi síbẹ̀ ṣáájú ọkà." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ gbà mí, kí ni mo ń sọ lẹ́nu ara mi yìí? Di ẹrù ẹ, máa bọ̀ nílé."

Lamordé, àdúgbò kan lódìkejì odò, ni mo ti rí igi náà. Ó dára, ó ní ẹ̀ka bí ọwọ́ ọmọdé tó nà sókè. Mo gbé e wọ takisí, ìdí rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi, orí rẹ̀ yọ lójú fèrèsé ọkọ̀. Bí a ṣe ń gun afárá, ọ̀gá awakọ̀ ń wò mí nínú dígí.

Ó ní, "Madáàmù, igi ìdáná ni?"

Mo ní, "Rárá, àga ni."

"Àga ta ni?"

"Ti àwọn àlejò Hajia."

Ó yí dígí rẹ̀ síbòmíràn, ó sáré wakọ̀ títí a fi dé ilé.

Mo ri igi náà mọ́lẹ̀ sí ẹ̀yìn àgbàlá, jìnnà sí okùn. Hajia dúró, ó ká apá mọ́ àyà. Mo ní mo fẹ́ kó àwọn àlejò rẹ̀ lọ sí pálọ̀ tó dára ju èyí. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n bí àárọ̀ kan bá mọ́ tí wọn kò wá, ibi tí Ràmátù ti ń dà á náà lòun á dà á padà sí, kí n má sì tún gbé ọ̀rọ̀ náà wá. Mo gbà. Mo gbé igbá omi sábẹ́ igi. Ní àràárọ̀ ni Hajia ń da ọkà, tí mo ń júwe ibi tó máa dà á sí, ó ń sún díẹ̀, ó ń sún díẹ̀. Àwọn ẹyẹ ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń ráhùn, ṣùgbọ́n wọ́n ń tẹ̀ lé e.

Àárọ̀ tí ọkà dé ìdí igi gbígbẹ ni wọn kò wá mọ́.

Gbogbo wọn wà lórí dóńgóyárò, ṣíìn. Hajia dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, igbá lọ́wọ́. Oòrùn ń gòkè. Aṣọ ìyàwó ti wà nínú aró, kò sí bí mo ṣe máa fi í sílẹ̀ níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Hajia tẹ̀ síwájú láti lọ kó ọkà náà padà. Mo di apá rẹ̀ mú. Èmi! Mo di apá onílé mú. Mo ní, "Hajia, kala suuru."

Ó yíjú wò mí. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì.

Ọ̀kan nínú àwọn pupa kéékèèké yẹn ló kọ́kọ́ fò. Ó bà sórí ẹ̀ka igi gbígbẹ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó sọ̀ sídìí omi, ó tẹ ẹnu bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni àdàbà kan dé, lẹ́yìn náà ni gbogbo ilé dé, wọ́n bo igi náà débi pé ẹ ó rò pé ó tún yọ ewé. Mo jó! Mo jó níbi tí mo dúró sí, láìsí ìlù, mo ń fi ọwọ́ aláró mi pa itan. Àwọn aládùúgbò yọjú láti wo ẹni tí mo ń bá jà.

Ọjọ́ náà ni mo sá aṣọ ìyàwó. Mo dúró kí wọ́n jẹun tán, mo ta á sórí okùn, àwọ̀ wúrà láti ara igi dé ara ògiri. Lọ́sàn-án, wọ́n jáde wá omi, wọ́n fò kọjá lókè aṣọ mi, ọkàn mi fò lọ pẹ̀lú wọn. Ìdí igi gbígbẹ ni wọ́n lọ. Kò sí ọ̀kan tó bà sórí okùn.

Ìyá Mùjídà fi awò sójú. Ó ṣí gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé e síta lójú oòrùn, ó yí i padà, ó tún yí i. Mo dúró, mo ń fi àtàǹpàkò gbo ìka. Ó wá ká a, ó gbé ọwọ́ lé e.

"O ti lé àwọn ẹyẹ náà?"

"Rárá, mà. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́."

"Nínú àgbàlá yẹn náà?"

"Nínú àgbàlá yẹn náà, mà."

Ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run á bùkún ọwọ́ ẹ. Ìwọ yìí, o lórí." Ó wá fi ẹsẹ̀ ti àpò ńlá kan sí mi, báásìn funfun tó kún dẹ́nu. "Kó ìyẹn dání tí o bá ń lọ." Mo gbé e lórí gba àárín Petit Marché kọjá, mo ń rìn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Ọjọ́ ìgbéyàwó, ìyá ìyàwó béèrè ẹni tó rẹ aṣọ náà, wọ́n ní Bayarabiya tó wà lọ́dọ̀ Hajia ni, ní àgbàlá ẹyẹ. Bí wọ́n ṣe ń júwe ilé mi nìyẹn títí di òní. Okùn mi ti pọ̀ sí i, obìnrin méjì ló ń bá mi lu aṣọ kó lè dán.

Nígbà tí orúnkún Hajia bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó pè mí láàárọ̀ kan, ó gbé igbá ọkà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ay izo," ọmọ mi ni ìyẹn, Zarma ló fi sọ ọ́, kò bá mi sọ Hausa mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ní kí n máa dà á, ṣùgbọ́n kí n máa dárúkọ Ràmátù kí n tó dà á. Mo rìn lọ sí ẹ̀yìn àgbàlá. Àwọn ẹyẹ ti wà lórí igi àti nílẹ̀. Mo rọra ń gbé ẹsẹ̀, mo ń retí kí wọ́n fò. Wọn ò fò. Ẹ̀gà kan tiẹ̀ wà lẹ́bàá bàtà mi, ó gbé orí sókè wò mí bíi pé mo pẹ́. Mo ní, "Ràmátù, sàárà tìẹ nìyí." Mo da ọkà sílẹ̀. Èmi tí n kò mọ obìnrin náà rí, èmi ni mo wá ń dárúkọ rẹ̀ láràárọ̀ nínú ilé rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá tún sọ pé àlejò ni mí ní Niamey, kó lọ bi àwọn ẹyẹ.

Mo pe Bàbá lọ́sàn-án àná láti kí i. Ó kí mi dáadáa. Ó béèrè Hajia, ó béèrè orúnkún Hajia. Mo ń retí kó ní kí n di ẹrù mi, kò sọ ọ́. Mo wá gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

"Bàbá, kí ló ń ké lọ́dọ̀ yín yẹn?"

"Níbo?"

"Lẹ́bàá yín. Ó jọ ẹ̀gà."

"Rédíò ni."

"Rédíò tó ti kú?"

"Wọ́n ti tún un ṣe." Ó wú ikọ́. Àwọn nǹkan náà tún ké, wọ́n pọ̀, mo sì gbọ́ ìró ọkà tó ń dà sórí ilẹ̀ líle, wàràwàrà. Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́. "Ìwọ ọmọ yìí, tí ooru bá mú báyìí, èwo la jọ sọ pé wọ́n máa ń kọ́kọ́ fẹ́?"

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu kí n má baà pariwo. Mo ní, "Omi ni, Bàbá. Ẹ kọ́kọ́ fún rédíò yín lómi."